Oúnjẹ Tí A Ń Wọ̀n fún Bàbá Elépo Òyìnbó

Ìtọ̀ ni mo ń kó nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Lomé. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́ tí kò ní dà bí irọ́. Ìtọ̀ àwọn aláìsàn tí àìsàn wọn le jù ni mo máa ń kó láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀ sínú ìgò ńlá tó ní ìdérí. N óò wọ̀n ọ́n, n óò kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, n óò sì gbé e lọ fún dókítà. Nígbà tí àwọn ará ilé wa ní apá Atakpamé ránṣẹ́ béèrè irú iṣẹ́ tí àwọn Faransé fún mi, mo ní kí wọ́n bá mi sọ pé ọ̀dọ̀ dókítà ni mo wà. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò tíì tó òótọ́.

Ìwé mi kò jìnnà. Mo lè kà, mo lè kọ nọ́ńbà kó dúró lórí ìlà, mo sì gbọ́ Faransé dé ìwọ̀n pé bí ọ̀gá bá ń bínú, n óò mọ̀ bóyá èmi ló ń bá wí. Ẹnu mi gan-an ni dókítà torí ẹ̀ gbà mí. Mo ń sọ Ifẹ̀, èdè tiwa ní apá Atakpamé, mo gbọ́ Yorùbá àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá tẹ̀dó sí Zongo, mo sì gbọ́ Mina tí gbogbo ọjà Lomé ń sọ. Aláìsàn tó bá dé, tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò wọ́pọ̀.

Dókítà náà kò dàgbà púpọ̀. Irun rẹ̀ dà bíi koríko ìgbà ọyẹ́, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ lójú ogun ní ìlú wọn, ó sì sọ fún mi pé láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti ń dun òun. Àwọn ọmọ ogun tí ọta bà tàbí tí iná jó, ẹ̀jẹ̀ wọn á dá, ọgbẹ́ wọn kò ní rùn, síbẹ̀ wọn á máa rù, wọn á máa rù ṣáá, títí wọn á fi kú. Ó fẹ́ mọ ibi tí ara wọn ń lọ. Bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ibi tí ara wọn ń lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pè mí sínú yàrá kékeré tó ń ṣiṣẹ́ sí. Ó bu ìtọ̀ díẹ̀ sínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn, ó da omi òògùn kan sí i, ó sì yí i dojú dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Afẹ́fẹ́ ń yọ díẹ̀díẹ̀, ó ń gòkè lọ sí orí gíláàsì náà, níbi tí wọ́n fín ìlà sí.

“Wo afẹ́fẹ́ yẹn,” ó ní. “Ẹran ni.”

Mo wò ó. N kò rí ẹran.

“Èèyàn jẹ ẹran, ó jẹ ẹja, ó jẹ ẹyin. Ara mú ohun tó fẹ́, ó da ìyókù síbí. Afẹ́fẹ́ pọ̀, ẹran pọ̀. Ó dáa. Èyí tó ni ìtọ̀ yìí kò jẹ nǹkan kan láti ìjẹta, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ báyìí. Ẹran ta ni?”

Mo tún wo gíláàsì náà. Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé ẹran ara rẹ̀ ni.

Ó fi ìka lù mí léjìká. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ mi ti yé mi, tí ìgò ìtọ̀ kò sì kó ìtìjú bá mi mọ́. Bí àwọn aláìsàn bá bi mí pé kí ni òyìnbó ń fi ìtọ̀ àwọn ṣe, mo máa ń sọ pé ara ẹni tí àìsàn le fún dà bí ilé tí igi ìdáná tán níbẹ̀, tí wọ́n wá ń yọ igi òrùlé dáná. Ọbẹ̀ á jinná, àmọ́ òjò ń bọ̀. Dókítà fẹ́ mọ iye igi òrùlé tó ń lọ lójúmọ́, kí ó lè mọ iye igi ìdáná tí yóò gbé wọlé.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbà fún un. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá le, omi ẹran àti ẹ̀kọ mímu díẹ̀ ló tó o, inú rẹ̀ kò lè gbé jù bẹ́ẹ̀. Dókítà wa ní irọ́ ni. Ó ní ẹni tí iná jó, tó dùbúlẹ̀ tí kò mira, ara rẹ̀ ń jẹun ju ti ẹni tó ń gbé ẹrù nídìí ọkọ̀ ojú omi. Ẹyin ni ká fún un, ẹran, ẹja, mílíìkì, kí á sì wọ̀n ọ́n wọlé, kí á wọ̀n ọ́n jáde. Bí ara kò bá jẹ ara mọ́, àwọn ọ̀gá á rí i lórí ìwé. Wọ́n ní kó dán an wò.

Báyìí ni mo ṣe di oníwọ̀n. Mo ń wọn oúnjẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, mo ń wọn àwo nígbà tó bá padà. Mo ń wọn aṣọ ọgbẹ́ tó rin, nítorí omi ara ń gba ibẹ̀ jáde. Àwọn aláìsàn fúnra wọn, òṣùwọ̀n kòkó la fi ń wọ̀n wọ́n. Ilé ìṣòwò kan lẹ́bàá etíkun ló yá wa, a so àga mọ́ ọn lórí. Òórùn kòkó kò kúrò lára rẹ̀ rárá.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n gbé Bàbá Elépo Òyìnbó dé. Ará apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti wà ní Lomé láti ìgbà èwe rẹ̀, ó ń ta epo òyìnbó nínú ìgò, ó ń ta ìṣáná àti ọṣẹ. Ó ń rọ epo sínú fìtílà tí kò tíì tutù nínú ìsọ̀ rẹ̀, iná sì gbà á. Ó jó o láti ìsàlẹ̀ ikùn dé ẹsẹ̀ méjèèjì àti apá kan. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ẹní tútù bò ó tí iná ara rẹ̀ fi kú. Ti ìsọ̀ kò kú ní tirẹ̀. Ó jó ìsọ̀ náà àti yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dé ilẹ̀. Àwọn ọmọ wọn wà ní Kumasi, kò sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ wọn. Ìyàwó náà, Ìyá ni mo ń pè é, obìnrin kékeré tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló tẹ̀lé e wá. Ó ń sùn ní abà tí àwọn olùtọ́jú aláìsàn ń sùn sí lẹ́bàá ògiri.

Bàbá ń jẹ̀rora, síbẹ̀ kò yé ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kí i, ó ranjú mọ́ mi.

“Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ ní Yorùbá tí o ń sọ yìí?”

“Ifẹ̀ ni wá, Bàbá. Àwọn bàbá wa ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá.”

“Ẹ pẹ́ lọ́nà. Ó ti rẹ ọ̀rọ̀ náà kó tó dé ibí.”

Nígbà tí a gbé e jókòó sórí òṣùwọ̀n, ó fa imú, ó ní, “Kòkó. Ọkọ̀ wo ni ẹ fẹ́ kó mi sí?” Nígbà tí mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgò fún un, ó sọ mí lórúkọ. Alágbàtà Ìtọ̀. Bí mo bá ń wọlé lówùúrọ̀, á pariwo láti orí ibùsùn rẹ̀: “Alágbàtà Ìtọ̀, ọjà ń tà bí?” Gbogbo yàrá á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ló fi dandan lé. Bí àkókò ìrun bá tó, kí n gbé ìgò náà jìnnà sí òun, kí n sì da aṣọ bò ó. Ìyá ti bu iyanrìn mímọ́ wá sínú àwo kékeré kan, òun ni Bàbá ń fi ọwọ́ kan tí iná kò jó pa ojú àti ọwọ́ dípò omi, kó tó fi ojú kírun. N kò jẹ́ gbàgbé ìgò náà lákòókò ìrun, kódà lẹ́yìn tí ohun gbogbo dàrú.

Oúnjẹ Bàbá pọ̀. Ẹran rẹ̀, lọ́wọ́ alápatà Mùsùlùmí ní Zongo la ti ń rà á, torí ó ní òun kò ní í jẹ ẹran tí òun kò mọ ẹni tó dúńbú rẹ̀. Ẹyin, obìnrin kan ló ń gbé e wá láti Kégué. Ìyá ló máa ń gbé àwo náà sí ìtòsí rẹ̀, á sì máa fi ṣíbí bọ́ ọ. Bàbá á mu mílíìkì, á jẹ ẹ̀kọ, á mu omi ọbẹ̀, á sì mú ẹran kékeré kan. Á wá ní, “Ó tó.” Ẹyin á kù, ẹran tó kù á wà nínú àwo. Ìyá á gbé àwo náà jáde. Nígbà tó bá padà dé, àwo ti mọ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti rí i. Ó sì wù mí. Ní ilé wa, bàbá mi kì í jẹ àwo gbẹ. Bó ti wù kí ebi pa á tó, á ṣẹ́ ẹran kù sí ìsàlẹ̀, àwa ọmọ á sì dúró níwọ̀n tí a ò fi ní dà bí ẹni tó ń dúró. Àgbà tí kò bá ṣẹ́kù, a ò ní kà á sí àgbà. Mo sọ fún ẹnfirimié, nọ́ọ̀sì ọkùnrin tó ń ṣe olórí yàrá wa, ará Aného kan, pé èèyàn gidi ni Bàbá yìí. Mo wọn àwo, àwo ṣófo, mo kọ ọ́ pé ó jẹ ẹ́ tán. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó bá ń kà á pé n kò purọ́ lójú ara mi. Bí bàbá mi bá ṣẹ́ ẹran kù fún wa, kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé kò jẹun.

Àmọ́ Bàbá ń rù. Lórí òṣùwọ̀n, ó ń fúyẹ́ sí i. Ọgbẹ́ rẹ̀ tó yẹ kó máa pọ́n ṣì funfun bí ẹja tó kú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ sì ń kúrú. Inú yàrá kékeré náà, dókítà ń yí gíláàsì rẹ̀ dojú dé, ó ń wo ìlà, ó ń wo ìwé mi, ó ń mi orí. Afẹ́fẹ́ náà kò tó. Bí a bá ro ẹran tí mo kọ pé Bàbá jẹ, mọ́ ẹran ara rẹ̀ tó ń jó lọ, ó yẹ kó kún gíláàsì náà.

“Oúnjẹ ń wọlé, n kò rí i kó jáde, n kò sì rí i lára rẹ̀,” ó ní. “Inú rẹ̀ kò gbà á. Àwọn ọ̀gá mi ló mọ̀ ọ́n.”

Ó ní bí nǹkan kò bá yí padà, òun á dá Bàbá padà sí omi ẹran, òun á sì dá gbogbo àwọn tó kù padà, òun á sì kọ̀wé pé oúnjẹ kò ran ẹni tó bá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò kò rọ̀. Mo mọ ibi tí ẹyin Bàbá wà.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Bàbá fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí ibùsùn rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa jẹ ẹyin yẹn.”

“Mo ń jẹun.”

“Ẹyin ni mo wí, àti ẹran. Kí ẹ jẹ ẹ́ tán.”

“Kí n jẹ ẹ́ tán kí n sì lá àwo?” Ó ń wo òkè àjà. “Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ta ni yóò bá mi ru tèmi? Ìwọ? Ìtọ̀ ni ìwọ ń rù.”

Ẹni tó wà lórí ibùsùn kejì rẹ́rìn-ín. Mo ní dókítà sọ pé ara rẹ̀ ń jẹ ara rẹ̀.

“Jẹ́ kó jẹ ẹ́. Ṣé ara dókítà ló ń jẹ?”

Mo dìde. Mo rò pé n óò rí ọgbọ́n dá sí i lọ́la. Ó di ọjọ́ kejì, ó di ọjọ́ mìíràn, mo ń wọn àwo tó ṣófo, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà yìí mo ti mọ̀ pé ohun tí mo ń kọ kì í ṣe òótọ́. N kò fẹ́ sọ ohun tó ń lọ láàárín tọkọtaya fún òyìnbó. N kò sì fẹ́ kí wọ́n lé Ìyá, torí ẹnfirimié ti ń wá ẹ̀sùn sí àwọn olùtọ́jú lẹ́sẹ̀ ní abà, nítorí èéfín wọn. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń rò ó, Bàbá ni ọjọ́ ń kọjá lórí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, a gbé e sórí òṣùwọ̀n. Dókítà wo ibi tí irin dúró sí, ó yíjú sí ẹnfirimié, ó ní, “Omi ẹran nìkan, láti òní. Àti fún àwọn tó kù.” Ó ti ń lọ. Mo rí i pé bí mo bá jẹ́ kó jáde, ó parí, kì í ṣe fún Bàbá nìkan. Mo sọ ọ́ níbẹ̀, lẹ́sẹ̀ ibùsùn, níwájú gbogbo yàrá, ní Faransé: “Kì í ṣe òun ló ń jẹ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.”

Faransé tí mo ní kò gùn tó láti sọ pé àgbà ń ṣẹ́kù. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ pé ọkùnrin yìí fún un ni, pé kò tọrọ, pé bó ti yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́nu mi kò ju kí n sọ pé obìnrin kan ń jẹ oúnjẹ aláìsàn. Bàbá ti ta epo fún àwọn akọ̀wé ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó gbọ́ ọ.

Inú dókítà dùn. Ó di apá mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kíákíá, torí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, gíláàsì rẹ̀ kò purọ́. Ó sáré lọ sí yàrá rẹ̀. Kò rí i nígbà tí ẹnfirimié fi ọwọ́ ju àpò Ìyá sí ìta, tó ní kó jáde lọ sí ẹ̀yìn géètì. Èmi rí i. Ìyá kò bá a jiyàn. Ó bu omi sínú ife Bàbá, ó gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o, ó sì jáde.

Bàbá kọjú sí ògiri. Ní ọ̀sán, mo gbé oúnjẹ rẹ̀ wá fúnra mi. “Gbé e kúrò.” Ní ìrọ̀lẹ́, bákan náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí kò fi nǹkan kan kan ẹnu, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń gba imú kì bọ inú èèyàn. Ó ní kí n bá a sọ̀rọ̀, kí n lo èdè rẹ̀.

Mo lọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ dárí jì mí.”

“Ìwọ tí o gbọ́ gbogbo èdè,” ó ní, “o kò rí ọ̀kan nínú wọn tí o lè fi bò mí láṣìírí.”

Ó tún kọjú sí ògiri.

Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn géètì. Ìyá jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò kan, àpò rẹ̀ wà ní itan rẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun ń da iyanrìn sí i lára. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Dìde,” ó ní. “Iyanrìn á ba aṣọ ìjọba tó wà lọ́rùn ẹ jẹ́.”

“Ẹ má bínú, Ìyá.”

“Ṣé ó jẹun?”

“Kò jẹ.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí ẹ ti jáde.”

Ó pòṣé, ó rọra pa á. “Olórí kunkun.” Ó wá wò mí. “Ìwọ lo sọ fún wọn?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Pé mo ń jí oúnjẹ ọkọ mi jẹ.”

“N kò pè é ní olè jíjà.”

“Kí lo wá pè é?”

Mo tún ohun tí mo sọ fún dókítà sọ fún un gẹ́lẹ́.

“Ìyẹn náà ni,” ó ní.

Obìnrin kan gba iwájú wa kọjá, ó ń polówó àkàsà. Ìyá kò yíjú sí i.

“Mo máa ń sọ fún un pé mo ti jẹun,” ó ní. “Ojoojúmọ́ ni. Kì í gbà. Á ní, ‘Níbo lo ti rí iná dá, ìwọ tí iná kó ìkòkò lọ lọ́wọ́ ẹ?’ Á wá ní òun ti yó. Ṣé kí n wá máa bá aláìsàn jà lórí ẹyin?”

Ìgbà náà ni mo tó wò ó. Mo ti ń rí obìnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, n kò wò ó rí. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ, aṣọ rẹ̀ ti di ohun tí ó ń ró ní ìró méjì kó tó lè dúró. N kò rí i kó dáná rí ní abà, n kò sì bi ara mi léèrè. Mo rò pé àṣà àgbà ni mo ń wò nínú àwo yẹn, ó sì jẹ́ àṣà lóòótọ́, àmọ́ ọkùnrin kan ló ń fi í bọ́ ìyàwó rẹ̀ láìjẹ́ kó dà bí àánú. A wọn Bàbá, a wọn ẹ̀kọ rẹ̀, a wọn aṣọ ọgbẹ́ rẹ̀, a wọn ìtọ̀ rẹ̀. Òun tí ebi ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ń fọ àwo tí mo ń wọ̀n, a kò wọ̀n ọ́n.

Mo padà wọlé. N kò gbẹ́kẹ̀ lé Faransé mi mọ́. Mo lọ bá ẹnfirimié, mo sọ ọ́ fún un ní Mina láti orí dé ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó yọ fìlà, ó fi nu ojú.

“Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ báyìí níjọ́ náà?” ó ní. “Bí bàbá tèmi náà ṣe ń jẹun nìyẹn. Ta ni kì í ṣẹ́kù?”

“Ẹ̀yin lẹ lé e jáde,” mo ní.

“Ìwọ lo là á fún mi bí ẹni tó rí olè.”

Òun ló bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, Faransé tirẹ̀ sì gùn. Mo rí i lójú dókítà bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé. Ó jókòó. Ó béèrè bóyá obìnrin náà ṣì wà nítòsí. Ó ní ohun tí òun rò pé òun ń fún ẹnì kan jẹ, èèyàn méjì ló ń jẹ ẹ́, kò sì tó ẹnì kankan nínú wọn. Ó kọ ọ́ sí ilé ìdáná pé kí wọ́n máa bu oúnjẹ Ìyá sọ́tọ̀. Olórí ilé ìdáná kùn, ó ní láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ yá. Dókítà ní kó bu ú.

Ìyá wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ náà pẹ̀lú àwo méjì. Bàbá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kò yíjú. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó gbé àwo tirẹ̀ lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun níwájú ọkọ rẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ tó jẹ, ohun tí kò tíì ṣe rí láti ìgbà tó ti wà nílé rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́ kí ó dún.

Bàbá yí orí padà. “O ti di ọ̀gá.”

“Ẹ wò mí dáadáa. Ẹyin rèé. Mo gbé e mì. Ẹran rèé.”

“Wọ́n fún ọ ni?”

“Wọ́n fún mi. Ẹ wá jẹ tiyín kó tó tutù, mo ní aṣọ láti fọ̀.”

Ó la ẹnu. Ó jẹ ẹ̀kọ, ó jẹ ẹyin, ó jẹ ẹran. Ó ṣẹ́ ẹran kékeré kan kù sínú àwo, torí náà mo wọn ẹran kékeré náà, mo sì yọ ọ́ kúrò lára iye tó jẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é látìgbà náà fún gbogbo àgbà tó bá wá. Dókítà ní ká má bi ẹnikẹ́ni bóyá ó jẹun tàbí kò jẹun mọ́, kí á wọn ohun tó kù, kí á sì mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ara Bàbá kò ṣíwọ́ jíjẹ ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú gíláàsì kọ́kọ́ pọ̀ sí i, bí dókítà ti sọ pé ó yẹ. Irin òṣùwọ̀n dúró sí ojú kan, ó dúró síbẹ̀ pẹ́, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Ọgbẹ́ náà pọ́n, etí rẹ̀ ń sún pọ̀. Dókítà ń bọ́ àwọn mìíràn bákan náà. Àwọn kan yè, àwọn kan kò yè, a ò sì lè sọ pé oúnjẹ nìkan ni. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀.

Orúnkún Bàbá kan ká, kò nà mọ́. Mo bi dókítà pé bó bá ṣe pé mo ti sọ ọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i ńkọ́. Ó wò mí, ó ní òun kò mọ̀. Ó ní bóyá ọgbẹ́ náà ì bá tètè jinná, bóyá orúnkún náà ì bá nà. Ó fẹ́ fi sọ pé kí n má ṣe ronú, mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ bóyá náà ni mo gbé lọ sílé.

Bàbá kò pè mí ní Alágbàtà Ìtọ̀ mọ́. Músé, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni ní Faransé, ló ń pè mí, bí ẹni tó ń bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, músé.” “Ẹ ṣeun, músé.” Kò bínú, kò yájú. Ó ń jẹun rẹ̀, ó ń tọ̀ sínú ìgò, ó ń jẹ́ kí n wọn òun. Mo máa ń wá nǹkan ẹ̀rín sọ, á sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó má bàa dójú tì mí.

Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ará ìlú wọn kan ní Zongo ti fún wọn ní yàrá. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan dúró sí géètì. Ìyá ń di aṣọ sínú àpò, mo ń bá a ká ẹní. Ara rẹ̀ ti padà sípò díẹ̀. N kò ní nọ́ńbà kankan tí mo lè fi sọ bó ti pọ̀ tó.

“Ọmọ mi,” ó ní, kò gbójú sókè, “ìwọ lo mú kí wọ́n lé mi, ìwọ lo mú mi wọlé. Mo ti rò ó títí. N kò mọ èyí tí n óò máa rántí ẹ fún.”

Mo ní èmi náà kò mọ̀.

“Ó dáa,” ó ní. “Gbé e, oòrùn ti ń mú.”

Bàbá kò lè fi ẹsẹ̀ kan dé géètì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì pọ̀n ọ́n. Ó kọ́kọ́ dúró gan-an lẹ́yìn mi bí igi, lẹ́yìn náà ó gbé àgbọ̀n lé mi léjìká. Ó fúyẹ́. Mo mọ iye rẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, síbẹ̀ ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn wa pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ń sọ fún mi ibi tí kòtò wà.